Bàbá Àánú, Oní-fọ́tò Tó Ń Dọ̀bálẹ̀ Lórí Pápá Gọ́ọ̀fù

Ohun tó kọ́kọ́ dé etí wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni pé bàbá ọmọ tí Ìtẹ́olúwa fẹ́ fẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti wọ ẹgbẹ́ ìmùlẹ̀. Wọ́n ní àgbàlagbà ọkùnrin tí orí rẹ̀ ti ń funfun, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi láti inú ìyá rẹ̀ wá, ló ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọmọ kékeré kan tó dé fìlà, tó mú ọ̀pá irin dání. Wọ́n ní ihò kan wà láàárín àwọn méjèèjì, wọ́n ri àsíá mọ́nú ihò náà, ihò yẹn gan-an sì ni wọ́n ń bọ. Fọ́tò rẹ̀ wà lórí wọ́sáàpù. Ẹni tó fi ránṣẹ́ tiẹ̀ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ wá wo ohun tí owó ń fi ojú àgbà rí."

Irọ́ ni o. Ẹ jẹ́ n tètè sọ bẹ́ẹ̀ kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ, nítorí èmi gan-an wà lára àwọn tó gbé irọ́ náà káàkiri, bí mo bá sì gbé ọ̀rọ̀, ẹnu mi lè tó ẹnu èèyàn mẹ́wàá. Bàbá náà dọ̀bálẹ̀, òótọ́ ni. Ihò wà níbẹ̀, òótọ́ ni. Àsíá náà wà níbẹ̀. Gbogbo ohun tó wà nínú fọ́tò yẹn ló jẹ́ òótọ́, àfi ohun tí àwa sọ nípa rẹ̀.

Philip Bámgbóṣé lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá Àánú ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí Àánúolúwapọ̀, àkọ́bí rẹ̀. Ó ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò kékeré kan ní Under G, níbi tí àwọn ọmọ yunifásítì ń gbé. Àánúolúwapọ̀ yìí ni Ìtẹ́olúwa, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi Comfort, rí nígbà tó lọ ṣe iṣẹ́ sólà ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó sì ní òun ò fẹ́ ẹlòmíràn mọ́.

Ọjọ́ tí fọ́tò náà dé, ẹ̀gbọ́n mi ò lè jẹun. Ó wá bá mi nídìí ẹ̀rọ tí mo fi ń hun súwẹ́tà àwọn ọmọ iléèwé.

"Ìyá Rose, gbé òwú yẹn sílẹ̀. Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ fún wa. Ta ni mo fẹ́ lọ mọ̀? Ẹni tó ń bọ ihò?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fara balẹ̀."

"Mi ò fara balẹ̀. Dìde kó o lọ wádìí wọn. Tó o bá ní ilé náà dára, a ó lọ. Tó o bá ní kò dára, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn, Ìtẹ́ á wá ibòmíràn gbà."

Nílé tiwa, èmi ni wọ́n máa ń rán níṣẹ́ ìwádìí tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó bá délẹ̀. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ibẹ̀ ni mo dúró sí, ṣùgbọ́n kò sí ilé tí mi ò lè kà. Èmi ni mo lọ rí i ní Ìsẹ́yìn pé ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ọmọ àbúrò bàbá wa ti ní ìyàwó méjì sílẹ̀. Ara aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn ni mo ti mọ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ní kí n dìde, mo dìde. A ò sọ fún Ìtẹ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo wọ ọkọ̀ láti Ọ̀yọ́, mo sọ̀ ní Under G. Mo ṣe bí ẹni tó fẹ́ ya páásípọ́ọ̀tù.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà."

"Ẹ kú àbọ̀, ma. Ẹ jókòó. Kí lorúkọ tí n ó kọ?"

"Ìyá Ebenezer." Mi ò bí Ebenezer kankan rí láyé mi.

Ó wò mí. Kì í ṣe ojú mi ló ń wò o, etí mi ló ń wò. Ó wo tọ̀tún, ó wo tòsì. Ara mi ò balẹ̀. Ẹni tó ń wo etí èèyàn, kí ló fẹ́ fi ṣe?

"Ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, ma. Ẹ má mí."

"Kí ló dé tí mi ò ní mí?"

"Fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni."

Mo fi ojú gbá ṣọ́ọ̀bù náà yíká. Gbogbo oní-fọ́tò tí mo mọ̀, ìyàwó àti ọkọ ló máa ń wà lára ògiri wọn, àti ọmọ tó ṣe ọjọ́ ìbí. Tiẹ̀, àwọn ọkùnrin oníọ̀pá ló kún ara ògiri bámúbámú. Ẹnìkan gbé ọ̀pá sókè bí ẹni tó fẹ́ lu èèyàn. Ẹnìkan kúnlẹ̀, ó ń wo ilẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú wọn. Kámẹ́rà kan wà lórí tábìlì tí ojú rẹ̀ gùn tó ọmọ odó, ó sì fi àgàdágodo ti àpò rẹ̀.

"Sà, ta ni àwọn wọ̀nyí?"

"Àwọn tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ni." Ó panu mọ́.

Àbí ẹ ò rí nǹkan! Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò bá oníbàárà tàkúrọ̀sọ? Ẹni tí kò bá sọ̀rọ̀, ohun kan ló ń fi pamọ́, èrò tèmi nìyẹn. Ó tẹ páásípọ́ọ̀tù náà fún mi. Ojú mi nínú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tí wọ́n ká mọ́ inú yàrá onílé.

Mo kọjá sí òdìkejì títì, níbi tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Rejoice ti ń ta káàdì ìpè àti omi tútù. Mo ra omi. Mi ò tíì mu ún tán tí ó ti ń sọ̀rọ̀.

"Màmá, ṣé ọ̀dọ̀ Bàbá Àánú lẹ ti ń bọ̀? Ẹ wá wo okùn aṣọ wọn lọ́jọ́ Ajé, ẹ ó rí ṣẹ́ẹ̀tì."

"Kí ló ṣe ṣẹ́ẹ̀tì?"

"Àyà rẹ̀ àti ìgúnpá rẹ̀ a máa láwọ̀ ewé. Ẹ̀yìn rẹ̀ á mọ́ roro. Ìyàwó rẹ̀ á fi burọ́ọ̀ṣì gbo ó gbo ó, kò ní jáde. Ẹni tí kì í wá sí ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi tí àwọn oníọ̀pá yẹn bá ti ní ìdíje, ta ló ń dojú bolẹ̀ fún?"

"Háà!"

"Ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan kan! Wọ́n ní tí wọ́n bá dé orí pápá yẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Èèyàn ò tiẹ̀ gbọdọ̀ kí wọn."

Ibẹ̀ ni ara mi ti bù máṣọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ bá mi rò ó. Níbi tí wọ́n bí wa sí, à ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, à ń kí ẹni tó jókòó, a tún máa ń kí ẹni tó dìde. Irú ibi wo ni àgbàlagbà ń lọ tí wọn kì í ti í kí ara wọn?

Rejoice náà ló sọ fún mi pé wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ ìdíje ọlọ́jọ́ mẹ́rin lórí pápá tuntun kan lójú ọ̀nà Ìkòyí-Ilé ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, wọn yóò sì parí rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Mo padà sí Ọ̀yọ́, mo rò fún ẹ̀gbọ́n mi.

"Tó bá jẹ́ pé bó ṣe rí nìyẹn," ó ní, "mú ẹ̀rí wá. Ìtẹ́ ò ní gba ẹnu lásán. Á ní àwa la ò fẹ́ràn ọmọ náà. Mú nǹkan tá a lè gbé kalẹ̀ níwájú rẹ̀."

Lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn, èmi tí mo ń bú ẹni tí kò lọ sí ìsìn, èmi náà pa ìsìn jẹ. Mo wé gèlè elésè àlùkò mi, nítorí mi ò fẹ́ kí wọ́n mú mi níbì kan kí wọ́n rò pé mi ò ní aṣọ. Ọlọ́kadà tó gbé mi láti Ògbómọ̀ṣọ́ ń wò mí nínú dígí rẹ̀.

"Màmá, pápá gọ́ọ̀fù? Àbí ẹ̀yin náà ń gbá a ni?"

"Gbá kí ni? Ìwọ ọmọ yìí, máa wo ọ̀nà."

Kò sí owó tí wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n mi ò gba ẹnu ọ̀nà. Mo gba inú oko igi tíìkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá náà wọlé, mo ń bọ́ láti ìdí igi kan sí ìdí igi kejì. Koríko ibẹ̀ tutù, ó kúrú, ó tẹ́ bí ẹní. Èèyàn pọ̀ níbẹ̀, bí igba, ṣùgbọ́n tí abẹ́rẹ́ bá já bọ́, wàá gbọ́. Mo ti rí òkú tí wọ́n pariwo níbi ìsìnkú rẹ̀ jù báyìí lọ.

Mo wá rí i. Bàbá Àánú wọ ẹ̀wù aláìlápá kan tó ní nọ́ńbà lẹ́yìn. Ọmọkùnrin kan tó dé fìlà funfun dúró létí ihò, ó mú ọ̀pá rẹ̀ dání. Saifudeen lorúkọ ọmọ náà, mo padà mọ̀ ọ́n. Bàbá Àánú rìn yí i ká jẹ́jẹ́, ó kúnlẹ̀, ó na ara rẹ̀, ó fi àyà lélẹ̀ gbalaja síwájú ọmọ tí kò lè ju ẹni ọdún mẹ́tàlélógún lọ. Kò sí ẹni tó ní, "Háà, Bàbá, ẹ dìde." Ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ wò ó.

Mo ní, "Jésù!" sínú gèlè mi.

Bọ́ọ̀lù kékeré funfun kan yí, ó kó sínú ihò. Wọ́n yọ àsíá. Ọmọ náà tẹ̀ ba, ó ti ọwọ́ bọ inú ihò, ó mú nǹkan jáde, wọ́n sì gbéra lọ síbòmíràn tí àsíá mìíràn wà. Mo ń tẹ̀ lé wọn láti inú igi. Níwájú, àwọn méjì mìíràn ti parí tiwọn. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, wọn ò sọ nǹkan kan tí mo gbọ́. Mo ka iye ìgbà tí Bàbá Àánú dọ̀bálẹ̀: ẹ̀ẹ̀meje. Mo ní ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó yìí ti parí nìyẹn.

Ìgbà tí mo ń rò bí n ó ṣe mú ẹ̀rí ni nǹkan kan já bọ́ láti òkè. Ó kọlu igi, ó yí wá sí ìdí gbòǹgbò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ó funfun, ó tó ẹyin àparò. Mo tẹjú mọ́ ọn. Wọ́n fi yíǹkì pupa sàmì mẹ́ta gbọọrọ sí i lára, bí ilà ojú. Mo ní àmì ìmùlẹ̀ nìyí! Mi ò fi ọwọ́ lásán kàn án o. Mo fi etí ìró mi gbé e, mo sì so ó mọ́bẹ̀ ní kókó méjì. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n mú nǹkan tá a lè gbé kalẹ̀ wá.

Kíá, mo gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn èèyàn tó ń sáré bọ̀. Mo fi àyà lélẹ̀ nínú koríko gíga. Saifudeen ló ṣáájú, ọkùnrin tó ń bá a gbé àpò ọ̀pá tẹ̀ lé e, adájọ́ eré sì ń wo aago ọwọ́ rẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn.

"Ibí ló bọ́ sí, mo fojú mi rí i!" ọkùnrin alápò ń pariwo.

"Ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ ní," adájọ́ ní. "Tẹ́ ò bá rí i, ẹ padà síbi tẹ́ ẹ ti gbá a, a ó sì fi ìyà kún un."

"Láti Ọjọ́bọ̀ la ti ń ṣáájú! Gbígbá ẹyọ kan la fi ń ṣáájú! Saifu, yẹ ẹ̀yìn igi yẹn wò!"

Saifudeen sáré dé ẹ̀yìn igi náà. Ó ń fi ọ̀pá tú koríko bí ẹni tó sọ owó ilé nù. Mo rí i kedere, nítorí kò ju ìwọ̀n ilé kan sí èkejì lọ sí mi. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹni tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún lè máa wá nǹkan kiri báyẹn.

Ìgbà náà ni mo rí Bàbá Àánú. Òun ò wá nǹkan kan. Ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀ tààrà, kámẹ́rà rẹ̀ wà lọ́rùn. Ó dúró lórí mi.

"Ìyá Rose," ó ní, jẹ́jẹ́. Ìyá Rose o, kò pè mí ní Ìyá Ebenezer. "Bọ́ọ̀lù tó wà létí ìró yín, ẹ jọ̀ọ́."

"Bọ́ọ̀lù wo?"

"Ìyá Rose, ó ku ìṣẹ́jú kan."

Mi ò tíì mọ ohun tí n ó sọ tí ọdẹ tó ń ṣọ́ pápá fi já wọlé tòun ti ìbọn ṣakabùlà rẹ̀.

"Ta nìyẹn? Dìde! Gbé ọwọ́ sókè! Ìwọ lò ń bá àwọn ajínigbé ṣọ́ wa!"

"Èmi? Ajínigbé? Èmi tí mo ń hun súwẹ́tà!"

"Súwẹ́tà kí ni nínú igbó? Tú ìró yẹn!"

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀," Bàbá Àánú ní. "Àna mi ni. Èmi ni wọ́n wá wò."

Ọdẹ náà sọ ìbọn rẹ̀ kalẹ̀. Mo tú kókó ìró mi, bọ́ọ̀lù já bọ́ sí ọwọ́ adájọ́. Ọkùnrin alápò ká ọwọ́ lérí.

"Bọ́ọ̀lù tí à ń wá! Ìyá, ẹ rò pé ẹyin ni?"

"Wọn ò mọ̀ ni," Bàbá Àánú ní. Ó gbé kámẹ́rà síwájú adájọ́. "Ibi tó wà gan-an kí wọ́n tó gbé e rèé."

Mo yọjú wò ó. Gbòǹgbò igi ni, bọ́ọ̀lù funfun wà níbẹ̀ tòun ti ilà rẹ̀ mẹ́ta, ọwọ́ mi sì ń bọ̀ lókè rẹ̀ bí ọwọ́ àṣá. Òkèèrè ló ti fi ojú gígùn kámẹ́rà yẹn yà á.

Adájọ́ wò ó títí. Ó ní nígbà tó ti dájú pé èèyàn ìta ló gbé e, kí Saifudeen gbé bọ́ọ̀lù rẹ̀ padà síbi tó wà, kò sí ìyà kankan. Saifudeen mí kanlẹ̀. Adájọ́ wá yíjú sí Bàbá Àánú.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ bọ́ ẹ̀wù yẹn. Ẹni tí àlejò rẹ̀ bá fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù, kò lè wà nínú okùn tí wọ́n fi dá èrò dúró lọ́jọ́ náà mọ́."

Ì bá ti sọ pé òun ò mọ̀ mí rí, ì bá sì jẹ́ kí ọdẹ yẹn máa wọ́ mi lọ. Irọ́ kọ́ ni ì bá jẹ́ pátápátá. Kò sọ ọ́. Ó bọ́ ẹ̀wù nọ́ńbà náà, ó ká a, ó fi ọwọ́ méjèèjì fún adájọ́. Ihò méjì péré ló kù kí ìdíje parí.

A lọ dúró sẹ́yìn okùn pẹ̀lú àwọn èrò. Mo ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Mi ò tíì gbà á gbọ́ tán. Ẹni tó ṣe èèyàn lóore lójijì, ó ní ohun tó ń wá. Níbi ihò ìkẹyìn, oní-fọ́tò mìíràn ló fi àyà lélẹ̀ níwájú Saifudeen, ọ̀dọ́ kan tó wọ bàtà pupa.

"Ó ti jìnnà jù," Bàbá Àánú ní lábẹ́ èémí.

"Kí ló ń dọ̀bálẹ̀ fún?"

"Ilẹ̀ ni bọ́ọ̀lù wà, Ìyá Rose. Ilẹ̀ náà lojú ẹni tó fẹ́ gbá a ń wò. Tí mo bá dúró, fìlà rẹ̀ ni n ó yà. Ìgbà tí mo bá wà nílẹ̀ ni mo tó rí ojú rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí! Mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí da oúnjẹ rú mọ́ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu.

Saifudeen dúró ti bọ́ọ̀lù rẹ̀. Èmi tí àánú rẹ̀ ti ń ṣe, mo la ẹnu láti kí i pé ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá Àánú gbé ọwọ́ síwájú ẹnu mi, kò kàn mí.

"Ó di ìgbà tó bá kó sínú ihò," ó ní. "Ìgbà náà, ẹ kí i bó ṣe wù yín."

Mo wá ń wo ọwọ́ rẹ̀ kejì, nítorí mo ṣì ń ṣọ́ ọ. Ọwọ́ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣòkòtò rẹ̀, kò mú nǹkan kan. Saifudeen fa ọ̀pá sẹ́yìn, ìka Bàbá Àánú dúró gbọn-in. Ọ̀pá kan bọ́ọ̀lù, ìka náà tẹ afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Bọ́ọ̀lù wọlé. Àwọn èrò hó yè. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, lọ́tẹ̀ yìí mo rí i pé àpọ́nlé ni. Ẹyọ kan ṣoṣo yẹn ni Saifudeen fi borí. Ó sì jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọdún mẹ́sàn-án tí Bàbá Àánú ò ya ẹni tó borí.

Ó ní òun á gbé mi dé ìdíkọ̀ Ọ̀yọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kí n tó wọ ọkọ̀ rẹ̀, mo fi nọ́ńbà ọkọ̀ náà ránṣẹ́ sí Rose, ọmọ mi. Ó rí mi. Ó ṣí ilẹ̀kùn fún mi.

A rìn jìnnà díẹ̀ kó tó di pé mo bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀, ìgbà tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, ẹni tí mo pè ní odi wá ń sọ̀rọ̀ bí èmi. Ó ní bàbá òun ń gé koríko nínú ọgbà àwọn míṣọ́nnárì ará Amẹ́ríkà, àti pé òyìnbó kan wà níbẹ̀ tó máa ń gbá bọ́ọ̀lù kékeré nírọ̀lẹ́. Òun á máa wò ó láti ẹ̀yìn ọgbà. Nígbà tó dàgbà, ó kọ́ṣẹ́ fọ́tò lọ́dọ̀ Ọ̀gá Mátíù, ó ya ìgbéyàwó, ó ya àwọn ọmọ yunifásítì, títí fóònù fi dé tí oníkálukú ń ya ara rẹ̀. Ẹnìkan ló pè é sí Ìbàdàn pé kó wá ya ìdíje gọ́ọ̀fù.

"Mo tẹ kámẹ́rà nígbà tí ọ̀pá ń lọ sókè," ó ní. "Ó dún ká! Ọkùnrin náà tàsé. Wọ́n lé mi jáde bí ewúrẹ́. Mo délé, mo bẹ Mercy, ìyàwó mi, pé kó máa bá mi gbé orógùn sókè lẹ́yìnkùlé, kí n lè mọ ìgbà tí èèyàn ń tẹ̀ ẹ́. Oṣù méjì. Èmi lórí àyà mi, òun pẹ̀lú orógùn lókè mi. Àwọn ará ilé ní Mercy ti ń nà mí."

Mo rẹ́rìn-ín, mi ò mọ ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín. Mo wá rántí iṣẹ́ tí wọ́n rán mi.

"Ìsìn ọjọ́ Ìsinmi tẹ́ ẹ kì í lọ ńkọ́?"

"Ìsìn aago mẹ́fà àárọ̀ ni mò ń lọ. Rejoice ò tíì jí."

"Fọ́tò tó wà lórí wọ́sáàpù ńkọ́? Ẹ ò bá ẹnikẹ́ni jà?"

"Ta ni n ó bá jà? Fọ́tò náà ò burú. Ó kàn gé ẹsẹ̀ mi kúrò ni."

Nígbà tá a dé ìdíkọ̀, ó pa ọkọ̀, ó ṣí kámẹ́rà rẹ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Èmi ló wà níbẹ̀. Gèlè elésè àlùkò láàárín igi tíìkì ní aago mẹ́sàn-án. Gèlè lẹ́yìn igi mìíràn. Gèlè nínú koríko. Níkẹyìn, èmi rèé tí mo fi àyà lélẹ̀ gbalaja, tí mo kọjú sí ibi tí Saifudeen dúró sí.

"Ẹ̀yin náà dọ̀bálẹ̀ fún un," ó ní. "Ẹ sì jẹ́ obìnrin."

Ojú tì mí dé ẹsẹ̀. "Ẹ ti mọ̀ mí látọjọ́ páásípọ́ọ̀tù?"

"Etí yín. Etí Ìtẹ́ gan-an ni. Àánú ti fi fọ́tò rẹ̀ hàn mí tó ìgbà ogún, ó sì ti sọ fún mi pé Ìyá Rose ni wọ́n máa ń rán wádìí nílé wọn."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi jẹ́ kí n ṣe gbogbo wàhálà yìí? Ẹ ti mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń dúró dè kí wọ́n tó lè wá tọrọ ọmọ yín."

Ó gba kámẹ́rà rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ọkọ̀ Ọ̀yọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, awakọ̀ ń pè mí. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo kúnlẹ̀ kí i. Mo ní kí ló fẹ́ kí n sọ nílé?

"Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí, ì báà má dùn," Bàbá Àánú ní. "Èmi náà ń wádìí, mo sì ti parí tèmi. Ilé tí wọ́n ti ń fi àyà wọ́ nínú igbó nítorí ọmọ, tí nǹkan bá ṣe ọmọ mi níbẹ̀, ẹ ó rí i. Kí Ìyá Ìtẹ́ máa kó wọn bọ̀. Ẹ sì tètè rẹ ìró yẹn sínú omi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ lálẹ́ òní o, Ìyá Rose. Tí koríko yẹn bá fi lè gbẹ mọ́ ọn, kì í jáde. Mercy ti gbìyànjú ẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án."